Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Rọra Tún Aago Rẹ̀ Ṣe

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń jẹun, tí rọ́bà sì ń rojọ́, àwọn ẹ̀rọ ní ìlú tiwọn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe olùpe-àkókò ìlú náà. Bàbá Aago Ògiri ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ikọ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ní kó lọ sinmi, wọ́n sì fi ìṣó tuntun kan dá a lọ́lá.

Kọ̀ǹpútà yára bí àṣá. Ó lè ka gbogbo ewé orí igi kí ewúrẹ́ tó já ọ̀kan jẹ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: aago inú rẹ̀ máa ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Nítorí èyí, ìlú na wáyà kan láti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sára òpó, láti ara òpó lọ sọ́dọ̀ Àgbà Aago tó ń gbé orí òkè. Àṣẹ ni pé láràárọ̀, kó béèrè aago lọ́wọ́ àgbà, kó sì tún tirẹ̀ ṣe.

Lọ́jọ́ kìíní tó béèrè, àgbà dáhùn pé, "Ọmọ mi, o ti rẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Kẹ̀kẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró sójú kan bíi táyà rẹ̀, gbọ́. Ó ń lu agogo ọwọ́ rẹ̀ káàkiri: "Ayára-bí-àṣá ti di ayára-bí-ìgbín o!"

Ojú ti Kọ̀ǹpútà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún òun mọ́ láé pé òun pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú wáyà kúrò lára òpó, ó sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò rẹ̀ kò fa wàhálà kankan.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Aago mélòó ló lù?"

"Aago méje," ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á fèsì.

"Aago méje lèmi náà ní. Ẹ ṣeun, sà."

Á wá kọ ọ́ sára ògiri pé: MO ṢE ÀYẸ̀WÒ, Ó BÁRA MU RẸ́GÍ. Ọgọ́ta ọjọ́ gbáko ló fi kọ ọ́. Nínú gbogbo ẹlẹ́rìí, kò sí èyí tó ń gba tẹni bí ẹsẹ̀ ẹni.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ Ìyá Ìránṣọ, ẹ̀rọ tó ń ránṣọ fún gbogbo ìlú, bímọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọmọ-ọmọ tí ìyá máa kọ́kọ́ rí nìyẹn. Ó rán dàǹsíkí kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọjọ́ kẹjọ ni ìsọmọlórúkọ, a kì í sún un síwájú. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo ló sì ń lọ síbẹ̀, aago mẹ́wàá ló ń gbéra, kì í dúró de ọba.

"Kọ̀ǹpútà, ọmọ mi, ṣé àkókò ṣì wà?"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo ti ṣe àyẹ̀wò."

Ìyá fara balẹ̀. Ó fi òróró díẹ̀ pa ara, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ sí ibùdókọ̀. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí.

"Ó ti lọ," ló wí.

"Kò lè lọ!" ni Kọ̀ǹpútà fèsì. "Aago mẹ́wàá kò tíì lù. Ọkọ̀ yẹn ló yára jù. Àgbà orí òkè ni ẹlẹ́rìí mi."

Bàbá Aago Ògiri wúkọ́ lórí ìṣó rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́, tẹ̀lé wáyà yẹn, kí o bá wa kí ẹlẹ́rìí náà."

Kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wáyà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà, ó jáde lójú fèrèsé, ó yí igi ìbẹ́pẹ kan po, ó tún gba ojú fèrèsé kan náà wọlé, ó sì dúró níwájú ẹsẹ̀ Kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà," ló kí ẹsẹ̀ náà. "Ẹ kú atẹ́gùn orí òkè."

Ìlú rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Ìránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó lé e, ó tẹ́ dàǹsíkí náà sórí itan rẹ̀.

"Wọ́n á ti máa sọ ọ́ lórúkọ báyìí," ló wí. Ó wo Kọ̀ǹpútà. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣáà ṣe àyẹ̀wò."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Kọ̀ǹpútà ń retí kí ilẹ̀ lanu, ilẹ̀ pa ẹnu dé.

Lójú gbogbo ayé, ó tú wáyà kúrò lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n so ó mọ́ àgbà aago mẹ́ta ní ọ̀nà jíjìn, nítorí ọ̀kan lè máa tòògbé. Ó wá béèrè: "Ẹ̀yin àgbà, aago mélòó ló lù?"

"Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú," ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí.

Aago mẹ́wàá géérégé ló wà lára Kọ̀ǹpútà. Ó fo ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Láti ọjọ́ náà ni Kọ̀ǹpútà kì í ti í dá aago ara rẹ̀ gbà gbọ́. Bó bá ti jí, àwọn àgbà ọ̀nà jíjìn ló ń kọ́kọ́ bi, kì í sì í bi ẹnì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ó rẹ̀yìn díẹ̀, kì í fò. Á rọra máa sún aago rẹ̀ síwájú, tín-ín-tín, tín-ín-tín, bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé tó ń fara ti ògiri wá ìjókòó, kí Ìyá Ìránṣọ má baà gbójú sókè wò ó.