Àbá Ta Ni Àbámodá Ń Dá?

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi kò lọ sóko, kò yà lódò. Ó yí gbiri, ó yí gbiri, ó dúró ti Ajá, Ológbò àti ewé àbámodá tí Ìyá Àwẹ̀ró gbìn sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Nígbà náà, Ológbò ń sùn lórí ẹní nínú ilé. Ajá ń sùn níta. Òjò ń pa á, òtútù ń mú un. Kò sí ohun tó wu Ajá láyé ju kó sun orí ẹní lọ.

Ó ní, "Ológbò, ọ̀rẹ́ mi, báwo lo ṣe rí ọ̀nà wọlé?"

Ológbò nà gbọọrọ, ó yán. "Ṣé o ò mọ ewé yìí ni? Ẹni tó bá jẹ àbámodá, àbá tó bá dá ti ṣẹ nìyẹn."

Irọ́ funfun báláú! Ẹran inú àwo Ajá ló ń wò.

Ajá já ewé kan, ó jẹ ẹ́. Ó ní, "Kí n sùn nínú ilé." Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ológbò, ẹnu mi ń ho o!"

"Àbá ló ń wọlé. Fi kan sí i."

Ó jẹ èkejì.

"Ológbò, inú ń lọ́ mi o!"

"Àbá ti jókòó. Tún jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ̀kẹta. Ó bì, ó bì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Ológbò ti wà nídìí àwo, ó ń fa ẹran ya.

Ni Ìyá Àwẹ̀ró bá yọ. "Yéè! Ajá mi!" Ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó fi aṣọ bò ó.

Ẹran bọ́ lẹ́nu Ológbò. "Háà! Àṣé òótọ́ ni irọ́ mi!"

Ó sáré sídìí ìkòkò, ó jẹ mẹ́ta pọ̀. "Kí ilé di tèmi nìkan, àti ọbẹ̀ àti ẹran!" Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti bì sórí gèlè tí Ìyá Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ìgbálẹ̀ ni ìyá fi lé e jáde.

Ológbò kọjú sí ewé. "Àbámodá, o dà mí!"

Ewé rẹ́rìn-ín. "Àbá-mo-dá lorúkọ mi, kì í ṣe Àbá-o-dá. Àbá tí èmi dá ni pé kí ẹ fi ewé mi sílẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Ajá ti ń jẹ koríko, tó ń bì, tó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá wọn á tún gbé òun wọlé. Láti ọjọ́ náà ni Ológbò ti ń gbóòórùn oúnjẹ kó tó fẹnu kàn án, ì báà jẹ́ ẹja láti ọwọ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tí irọ́ ara rẹ̀ ti gbé ṣubú, ta ni yóò tún gbà gbọ́?

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí. Bí ẹ bá ní mo parọ́, ẹ bi Ológbò. Kò ní dá yín lóhùn. Ẹja ló ń gbóòórùn lọ́wọ́.