Ẹ̀jẹ̀ Ògúnṣèye Kọ̀, Kò Dì

Láyé àtijọ́, ní ìlú Ìdí-Ayin, bí kókó bá yọ sí ènìyàn lára, tàbí tí ẹ̀gún wọ ibi tí ojú kò tó, ilé Ògúnṣèye ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọ̀bẹ ọkùnrin yìí mú débi pé àwọn aláìsàn mìíràn a máa béèrè ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun ti ṣe é tán, tó ń fọ ọwọ́. Àwọn ará ìlú ní Ògún fúnra rẹ̀ ló ń bá a di ọ̀bẹ mú. Ògúnṣèye kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ta ni wọ́n á fi oyin sí lẹ́nu tí yóò tu ú dànù?

Òfin kan wà nílé rẹ̀ tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi tàfàlà. Àwọn àgbàlagbà ìlú náà ní àgbo kan tí wọ́n ń mu nítorí ẹ̀jẹ̀ tó máa ń dì sí wọn lẹ́sẹ̀. Àgbo yìí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin inú iṣan àti ojú ọgbẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń mu ún gbọ́dọ̀ dojú igbá àgbo dé fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó wá jókòó níwájú ọ̀bẹ. Ògúnṣèye kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Yóò fi abẹ́rẹ́ gún aláìsàn níka, yóò kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ewé gbòdògì, yóò wá ju obì sẹ́nu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì kí obì tó tán lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá dì, yóò ní, "Ilé yá, ó dìgbà mìíràn." Ọba pàápàá ti gbọ́ "ilé yá" yẹn rí, ó sì gba ààfin lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àfi bí kókó ṣe yọ sí Ògúnṣèye fúnra rẹ̀ lábẹ́ abíyá ọ̀tún. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹ̀pà, kò sì kà á sí. Nígbà tó tó àgbálùmọ̀, àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú aláìsàn, ó sì mọ̀ pé bí kókó náà bá dúró síbẹ̀, iṣẹ́ òun parí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé e," ni Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ti ń mu àgbo ẹsẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ẹ dá a dúró ná."

"Mo gbọ́," ni Ògúnṣèye fèsì.

Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn ṣe é ni. Ògúntúgà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹ̀gbọ́n yìí lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà wú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ̀kọ àárọ̀ sì tó jinná, ó ti dákẹ́. Nígbàkúùgbà tí Ògúnṣèye bá fẹ́ dojú igbá dé, ẹsẹ̀ Ògúntúgà ló máa ń rí. Yóò wá gbé igbá lọ sẹ́yìn àká, yóò sì mu ẹ̀kán díẹ̀, ẹ̀kán tó máa ń tó ìdajì igbá.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ pé, Àwẹ̀ró mú abẹ́rẹ́ àti ewé jáde.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Èmi lo fẹ́ dán wò? Ta ló kọ́ ọ níyẹn?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá."

Ó gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ewé, ó sì ju obì sẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ náà jókòó sójú ewé, ó ń dán. Obì tán. Àwẹ̀ró gbé etí ewé náà kan sókè, ẹ̀jẹ̀ sì yọ̀ lọ bí ìrì àárọ̀, kò tilẹ̀ fi àmì sílẹ̀.

"Ewé yẹn ló tutù," ni Ògúnṣèye wí.

"Ilé yá, Bàbá. Ó dìgbà mìíràn."

Ọ̀rọ̀ yìí dun àgbàlagbà náà wọ egungun. Ó fi ọwọ́ òsì já ọ̀bẹ gbà. "Ọ̀bẹ mi ni, ara mi sì ni." Kí Àwẹ̀ró tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti fi í kan ara lábẹ́ abíyá.

Ojú ọgbẹ́ náà kò gùn tó èékánná. Ògúnṣèye tẹ aṣọ mọ́ ọn, ó ń dúró kí ó dá. Aṣọ náà rin, òmíràn tún rin. Láti kékeré ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń rí erùpẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Kò tú jáde, kò yára, kò sì dun ún. Ó kàn ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí omi ìsun ṣe ń ti abẹ́ àpáta wá, láìsí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ńlá bà á. Ẹnu sì yà á pé inú òun ni gbogbo èyí ti ń bọ̀, òun tó rò pé òun ni ọ̀gá ẹ̀jẹ̀.

Àwẹ̀ró fi gbogbo agbára tẹ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì gbé ọwọ́ kúrò títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ náà dá.

"Ẹsẹ̀ Ògúntúgà ló ń bà mí lẹ́rù," ni Ògúnṣèye wí níkẹyìn. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

"Ó ń ba èmi náà lẹ́rù, Bàbá. Ẹ gbé igbá náà fún mi. Èmi ni n ó sọ ọjọ́ tí ẹ ó dúró, èmi náà ni n ó sọ ọjọ́ tí ẹ ó padà sí i. N kò ní jẹ́ kí ó pẹ́ jù."

Nígbà tí ọgbẹ́ náà jinná dáadáa, Àwẹ̀ró gba igbá, ó sì dojú rẹ̀ dé. Láàárọ̀, yóò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ méjèèjì wò bóyá wọ́n wú. Lọ́sàn-án, yóò ní kí ó máa rìn yí agbo ilé ká. Àgbàlagbà náà ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Nígbà tí wọ́n tún kán ẹ̀jẹ̀ sórí ewé, obì kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀jẹ̀ náà fi dì, tó dúdú, tó sì lẹ̀ mọ́ ewé gbagidi. Ògúnṣèye wò ó títí, omi sì lé ròrò sí i lójú.

Àwẹ̀ró gé kókó náà. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀, ó sì dá lábẹ́ aṣọ bí ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná dáadáa, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló gbé àgbo wá fún bàbá rẹ̀, tìka tìka ọwọ́ ọ̀tún tó ti jí ni ó sì fi gbà á.

Àwọn ará ìlú wá kí i. Ẹnì kan bi í pé, "Bàbá, gbogbo wa lẹ ń dá dúró. Báwo lẹ̀yin ò ṣe lè dá ara yín dúró?"

Ògúnṣèye na ọ̀bẹ rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Kò sí ilé tí ọ̀bẹ yìí kò tíì wò sàn nílùú yìí. Ṣùgbọ́n igi tí mo fi dì í mú yìí, ọ̀bẹ mìíràn ló gbẹ́ ẹ fún un."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.