Ààrò Kejì Nílé Ìjàpá

Àlọ́ mi rèé o!

Àlọ̀!

Ó yí gbirigbiri, ó kọjá lójúde ọba, ó kọlu ààrò kìíní, ó kọlu ààrò kejì, ó wá bà lé Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ gba èyí dání, ẹ̀yin ọmọ. Ilé kékeré kan wà, onílé nìkan ló gbà. Onílé kì í jáde níbẹ̀, aya rẹ̀ kò lè wọ ibẹ̀. Kí ni o? Ẹ má tíì dáhùn. Bí ìyá ìyá mi ṣe tò ó fún ìyá mi ni èmi náà ṣe máa tò ó, ẹ ó bá ìdáhùn náà nísàlẹ̀.

Ní ìgbà kan, ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Iṣu tó ta kò ju àtàǹpàkò lọ. Àgbàdo gbẹ lóòró. Ọjà wá dá páropáro: ẹni tó ní ohun tí yóò tà kò sí, ẹni tó ní ohun tí yóò fi rà kò sí. Ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Erin ni ọba wọn. Ó ní àká ńlá kan tí àgbàdo kún inú rẹ̀ láti ayé bàbá rẹ̀. Ó pe ìlú jọ.

Ó ní, “N kò ní máa wò yín kí ebi pa yín. Láràárọ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò gun orí igi àràbà. Ibi tí ó bá ti rí èéfín ààrò, ibẹ̀ ni a ó gbé agbọ̀n àgbàdo kan lọ. Ìdílé kan, ààrò kan, agbọ̀n kan.”

Ètò náà gún régé, títí ó fi dé etí Ìjàpá.

Agbọ̀n kan tó Ìjàpá àti Yánníbo, ó tó wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìjàpá jẹun tán, ojú rẹ̀ wà lọ́nà.

“Yánníbo.”

“Ọkọ mi.”

“Mo ti kọ̀ ọ́.”

Yánníbo gbé orógùn sílẹ̀. “Kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Ẹnu lásán ni. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ìwọ á dá ààrò tìrẹ, èmi á dá tèmi. Ààrò méjì, agbọ̀n méjì. Bí òjò bá ti rọ̀, mo tún fẹ́ ọ padà.”

“Ìjàpá, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré.”

“Ebi tó ń pa wá, ṣé eré ni òun ń ṣe?”

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó to òkúta mẹ́ta jọ fún un. Ìkòkò gidi wà nínú ilé o. Èyí tó ti sán káàkiri ni Ìjàpá gbé fún un. Ó ní, “Èéfín ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìkòkò.”

Ló bá lọ dọ̀bálẹ̀ láàfin, ó ń sunkún. “Kábíyèsí, ilé mi ti tú! Mo ti kọ Yánníbo.”

Erin ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú gbangba. Níwájú gbogbo ìjòyè, Yánníbo kì í ṣe aya mi mọ́.”

Ilẹ̀ mọ́, èéfín méjì rú, agbọ̀n méjì dé. Kí Yánníbo tó na ọwọ́ sí tirẹ̀, Ìjàpá ti dé.

“Gbé e wá.”

“Kí ni èmi ó jẹ?”

“Máa bọ̀ wá jẹ nílé.”

Kí Yánníbo tó pa iná, kí ó tó yí ilé po, Ìjàpá ti jẹ ti ààrò kìíní, ó ti jẹ ti ààrò kejì, ó ń lá ọwọ́. “Háà, ó ṣe tí o kò tètè dé?”

Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́. Nígbà tí agbọ̀n jẹ́ ẹyọ kan, Yánníbo ń jẹun. Ìgbà tí ó di méjì, ebi ń pa á. Ẹ bá mi wo irú ìṣirò yìí!

Àrùn yìí sì ran ìlú. Ẹtu ní kí bàbá òun lọ máa dáná tirẹ̀. Ehoro to ààrò fún ọmọ ọwọ́. Òbúkọ kọ aya mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn tó ń jẹ nínú àwo kan tẹ́lẹ̀ kọ ẹ̀yìn síra wọn, oníkálukú ń fẹ́ iná. Igi ìdáná tán nínú igbó. Èéfín bo ìlú, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń húkọ́ lórí àràbà. Àká ọba kò sì pọ̀ sí i. Agbọ̀n di ààbọ̀, ààbọ̀ di igbá, igbá di ẹ̀kúnwọ́. Ẹ̀kúnwọ́ náà, Ìjàpá ṣì ń wá gbà á. Ojú Yánníbo ti jìn wọ inú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìjàpá dé. “Gbé e wá.”

Yánníbo fi ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo rẹ̀ sábẹ́ itan. “Ta nìyẹn?”

“Èmi kẹ̀! Ọkọ rẹ.”

“Ọkọ mi ti kọ̀ mí níwájú ọba. Ọkùnrin wo ló ń wọ ẹ̀yìnkùlé obìnrin aláìlọ́kọ láràárọ̀?”

“Yánníbo, má dá mi lágara o!”

Yánníbo bá bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá ló kọ̀ mí o,
*Kẹ́rẹ́ńdẹ́n.*
Ó ló dá òun lójú,
*Kẹ́rẹ́ńdẹ́n.*
Ó fún mi ní ìkòkò fífọ́,
*Kẹ́rẹ́ńdẹ́n.*
Ó tún ń gba oúnjẹ mi,
*Kẹ́rẹ́ńdẹ́n.*

Àwọn aládùúgbò jáde, wọ́n ń gbè é. Inú bí Ìjàpá, ó sáré dé ààfin, kò tilẹ̀ rántí kí ọba. “Kábíyèsí, aya mi kò fún mi lóúnjẹ!”



Erin ní, “Aya rẹ wo?”

“Yánníbo ni.”

“Èyí tí o kọ̀?”

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn.

Erin ní, “Ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí ó bá jẹ́ aya rẹ, oúnjẹ ìlú lò ń jí, wàá sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Bí kì í bá ṣe aya rẹ, oúnjẹ obìnrin tó dá wà lò ń já gbà. Mú ọ̀kan.”

Ìjàpá wo ikùn ara rẹ̀. Kò sí bí àgbàdo yẹn ṣe máa padà jáde. Ó ní, “Kì í ṣe aya mi, Kábíyèsí.”

“Ó dára. Fi ilé rẹ san ohun tí o ti gbà jẹ lọ́wọ́ Yánníbo. Kí gbogbo ẹ̀yin yòókù sì lọ wó ààrò èké yín, kí oníkálukú padà sídìí ìkòkò ilé rẹ̀.”

Wọ́n padà. Ẹtu lọ bẹ bàbá rẹ̀. Nínú aya mẹ́ta Òbúkọ, méjì ló gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òjò tí wọ́n ti ń retí ṣú, ó sì rọ̀. Ìjàpá ń gbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí.

“Yánníbo! Òjò ti rọ̀ o! Ṣé mo wí fún ọ pé bí òjò bá ti rọ̀, mo máa fẹ́ ọ padà?”

“O wí bẹ́ẹ̀. Ṣé o bi mí bóyá mo máa gbà?”

“Òtútù ń pa mí!”

Yánníbo ṣí fèrèsé, ó na nǹkan kan jáde. “Gba ìkòkò rẹ.”

Ìjàpá da ìkòkò fífọ́ náà bo ara rẹ̀. Orí àti ẹsẹ̀ nìkan ló yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ bọ́ ọ, ìkòkò lẹ̀ pinpin.

Ibi tí wọ́n bá a dé fún mi nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ààrò mi má gbaná lọ́la. Bí mo bá tò ó bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí ó gbaná lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá fi ń ru ilé rẹ̀ kiri títí dòní. Ojú ibi tí ìkòkò náà ti sán ni ẹ ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó sì ti wù kí òjò pọ̀ tó, ilé náà kò gba ẹni kejì.