Àpò Àgbàdo Oyèlérè

Ọdún kẹta tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kún owó àgbàdo ní agbègbè wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ àkàwé yìí, lẹ́nu àgbà kan tí a jọ ń dúró de ọkọ̀ tó ń gbé òṣùwọ̀n ìjọba bọ̀.

Ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ ni. Òun àti ẹni mẹ́rin jọ ń ṣe àáró. Bí wọ́n bá kórè oko ẹnì kan lónìí, wọn a kórè ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí kò bá lọ sí oko ẹnìkejì, wọn kì í lọ sí tirẹ̀.

Ìjọba wá dé. Wọ́n ní àpò kọ̀ọ̀kan tó bá dé orí òṣùwọ̀n, àwọn yóò fi owó kún iye tí ọjà ń san. Iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà gbé àpò mẹ́rìnlélógún lọ, ó gbowó, ó fi kan páànù tuntun sórí ilé rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ pé Oyèlérè, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró, tí oko wọn jọ pààlà, gbé ogójì lọ ni páànù náà kò dán lójú rẹ̀ mọ́.

Bí Oyèlérè bá kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n,” a ní, “Ìwọ lo ń ṣiṣẹ́, ọmọ ìjọba.” Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín. Òun kì í rín.

Ìkórè ọdún kejì dé. Wọ́n ṣe oko mẹ́ta. Ó kan ti Oyèlérè, tirẹ̀ ni yóò kẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pọ́n àdá tó ti mú tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Àjíún, àwọn èèyàn yín ti kọjá o.”

“Jẹ́ kí wọ́n kọjá. Gbogbo èyí tí mo bá ya fún un ni ìjọba máa fowó lé. Ṣé ọwọ́ mi ni yóò fi là ni?”

“Ọ̀la tó kan tiwa ńkọ́?”

Ó tún ń pọ́n àdá náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò wá. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí òṣùwọ̀n dé, òjò sì ti ṣú. Lọ́sàn-án, Oyèlérè nìkan yọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kù ní òfin ni òfin. Èmi ní kí n wá.”

Ọkùnrin náà rò ó pé àpò òun ló fẹ́ wá kà, kó lè fi òun ṣẹ̀sín. Ó ní, “Padà sílé. Àgbàdo mi kò ránṣẹ́ sí ọ.”

Oyèlérè padà. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Tọkọtaya ya èyí tí ọwọ́ mẹ́rin lè yà. Ìyókù hù lórí pòròpórò.

Ìwọ tí o gbé bébà wá láàárọ̀ yìí, pé kí n bá ọ kọ̀wé kí wọ́n yọ orúkọ aládùúgbò rẹ kúrò nínú àwọn tó ń gbowó àgbàdo, n kò ní kọ ọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ ìwé. Kì í ṣe torí irú èyí ni mo ṣe kọ́ ìwé. Ohun tí wọ́n fún un kò dín tìrẹ kù. Gbé bébà rẹ, kí o sì lọ sí oko rẹ̀ tí ó bá kàn án.

Ọkùnrin yẹn ní àpò mẹ́rìnlélógún lóko lọ́dún kejì yẹn. Mẹ́rin ló dé orí òṣùwọ̀n. Ohun tó sọnù ni ogún àpò, àti ọwọ́ mẹ́jọ tí kò tún wọ oko rẹ̀ mọ́.