Agbọ̀n tí Láníyọnu Gbé Kalẹ̀

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n." Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tó gbé agbọ̀n ọ̀hún kalẹ̀, àti ohun tó bí i nínú?

Láníyọnu ará Ìlayìn ni. Òfin Ìlayìn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ìlú títí gbogbo agbo ilé yóò fi sọ tẹnu wọn. Nígbà tí agbo ilé jẹ́ méje, ìpàdé kì í kọjá ìyálẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n di ọgọ́fà, ìpàdé kan lè gba oṣù kan. Ọ̀gbàrá sì ti gbẹ́ ọ̀nà ìlú di kòtò. Ó ti wó ilé ìdáná Láníyọnu, ó ku yàrá tí ìyá rẹ̀ arúgbó ń sùn. Láníyọnu fẹ́ dí kòtò náà. Wọ́n ní kó dúró kí ọ̀rọ̀ kárí.

Lọ́jọ́ kejìlá ìpàdé, Sówándé, àgbà agbo ilé kan tó ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tún dìde.

"Bàbá Sówándé, yàrá ìyá mi ò ní dúró dè yín o," ni Láníyọnu wí.

"Ṣé ilé tìrẹ nìkan ló wà nílùú yìí ni?"

"Rárá o, bàbá. Òun ló wà níwájú ni. Tiyín ló tẹ̀ lé e."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Sówándé kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Láníyọnu ń wo gbogbo ẹni tó ń mi orí sí ọ̀rọ̀ Sówándé, kò sì gbàgbé ẹyọ ẹnì kan nínú wọn títí ó fi kú. Nígbà tó yá, ó gbé agbọ̀n kan síwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ọjọ́ kejìlá rèé tí a ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi wo inú agbọ̀n yìí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún un. N ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ilé tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ da agbọ̀n òkúta kan sínú kòtò."

Sówándé lanu láti ta kò ó. Baálẹ̀ na agbọ̀n náà sí i.

"Òkúta tiyín dà?"

Kò sí agbo ilé tó fẹ́ kí òmíràn sọ̀rọ̀ kí òun má lè sọ tirẹ̀. Ni gbogbo wọn bá ń ru òkúta. Nígbà tí wọ́n fi da agbọ̀n ọgọ́fà sínú rẹ̀ tán, kòtò ti bá ọ̀nà dọ́gba. Baálẹ̀ béèrè ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n wo kòtò tó ti dí, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Láníyọnu sùn, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òjò rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi máa ń pa òwe náà nígbà tí èrò bá pọ̀, tí gbogbo ẹnu ń fẹ́ kí a gbọ́ tiwọn, tí ohun tó yẹ ní ṣíṣe sì ń bàjẹ́ lọ lójú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí agbọ̀n kún, kó wá nǹkan gbé sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.