Bí Ewé Ṣe Tán Lára Àyọ̀ká

Nígbà láéláé, òdòdó inú igbó a máa rìn. Èyí tí ibùjókòó rẹ̀ bá sú á gbẹ́sẹ̀, á lọ. Láàrin wọn ni òdòdó kan wà tí ń jẹ́ Àyọ̀ká, orí ẹ̀ka igi ló ń gbé. Ewé rẹ̀ nígbà náà fẹ̀, ó ń dán, gbogbo igbó ló mọ̀ ọ́n láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ara Àyọ̀ká kò balẹ̀ rárá. Bó bá jókòó sórí ẹ̀ka kan, ẹ̀ka òdìkejì ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá sì dé ọ̀hún, ẹ̀rù á tún máa bà á pé ẹlòmíràn á gba ibi tó fi sílẹ̀.

Ẹ mọ ààlè, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Bí baba yín bá ṣẹ́gi jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tí kò lè rù ú tán, á fi ewé tàbí àkísà há a lára kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí Àyọ̀ká ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀ka tó bá ti wù ú, á já ewé kan lára ara rẹ̀, á fi ṣe ààlè síbẹ̀.

Baba Àfàrà, igi àgbà tó gbà á lálejò, pè é jókòó. Ó ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

“Àyọ̀ká, ewé ni ìkòkò rẹ, oòrùn ni iná rẹ. Bí o bá já ewé tán, kí ni wàá fi se oúnjẹ?”

Àyọ̀ká ní kí Baba má bínú, ó ku ẹ̀ka kan péré. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ló ń ku ẹ̀ka kan péré.

Nígbà tó yá, ọyẹ́ dé. Gbogbo ewé ààlè gbẹ, wọ́n já bọ́. Èèrà gba ẹ̀ka kan, ọ̀kẹ́rẹ́ gba òmíràn, wọn kò kúkú rí àmì kankan. Àyọ̀ká sáré padà sọ́dọ̀ Baba Àfàrà. Ó wo ara rẹ̀, kò ku ewé kan, ebi sì fẹ́ pa á kú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́.

Ó bẹ gbòǹgbò rẹ̀ tó fi ń rìn kiri pé kí wọ́n bá òun se oúnjẹ.

Gbòǹgbò ní, “A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dáná kì í kúrò nídìí ààrò. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn parí nìyẹn.”

Àyọ̀ká wo ẹ̀ka òdìkejì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sunkún. Ó ní ó dáa.

Ni gbòǹgbò bá na ara wọn sí oòrùn, wọ́n lẹ̀ mọ́ èèpo Baba Àfàrà, wọ́n sì di aláwọ̀ ewé.

Láti ọjọ́ náà ni òdòdó yìí kò ti léwé mọ́. Gbòǹgbò tín-ín-rín nìkan ló kù, tó lọ́ mọ́ ẹ̀ka bí òwú tó ta kókó. Ọdẹ tó mọ igbó dunjú á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò ní mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí wà lókè, àfi ní ọjọ́ díẹ̀ tó bá tanná funfun wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò lè dúró sójú kan nígbà náà, òun ló fi ń jẹun báyìí, kò sì gbọdọ̀ gbé e.