Orin Àparò Tí Kò Ní Ègbè

Ààlọ́ mi rèé o!
— Ààlọ̀, à ń gbọ́!

Ó dá lórí Àparò àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀. Orí àwọn méjèèjì ti ń hewú. Bí Àparò bá ti oko dé, á kọrin, Àwẹ̀ró á sì gbè é. Ẹ gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Àwẹ̀ró, mo dé o!
— Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi!

Àìsàn pa Àwẹ̀ró. Síbẹ̀, Àparò ń kọrin lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyẹlé ní kó fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ̀gà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àdàbà, tí òun náà jẹ́ opó, ṣàánú rẹ̀, ó bá a gbè é. Àparò bú sẹ́kún: “O ṣeun, àbúrò mi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ kọ́ ni mò ń wá.”

Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é:

Àwẹ̀ró, mo dé o!

…

Ohun tí Àparò ń gbọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.